Ẹ Gbọ́ Tẹnu Ọkọ̀, Ẹ Gbọ́ Tẹnu Mẹkáníìkì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ra skánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò, nítorí kí ẹ lè lé mẹkáníìkì yín lọ. Ẹ rà á kí ẹ lè mọ ìbéèrè tí ẹ ó bi í. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ka, ẹ jẹ́ ká jókòó tì í. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀dọ́ tó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí tàbí ní ìlú Oǹdó tí kò ní bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè pé: "Èwo ni kí n rà nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò yìí, tí kò ní gbọ́n àpò mi gbẹ?"

Ìbéèrè náà bọ́ sásìkò. Kó tó di ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó ₦200. Lọ́jọ́ 29 oṣù náà ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti di nǹkan bí ₦500, nígbà tó sì fi máa di oṣù Keje, ó ti lé ní ₦600. Oṣù Kẹfà ọdún yẹn náà ni wọ́n jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa fúnra rẹ̀ dá iye tí yóò jẹ́ sí dọ́là, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo páàtì ọkọ̀ tó ń tòkèèrè wá gbówó lórí. Láyé tí epo wọ́n báyìí, ọkọ̀ tó bá ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, owó oúnjẹ ọmọ ló ń mu. Ẹni tó bá sì ra sẹ́ńsọ̀ tuntun sí ojú èyí tí kò bàjẹ́, owó ẹ̀ gbé nìyẹn.

Nígbà tí àwa wà lọ́dọ̀ọ́, Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti ọdún 1975 ni ọkọ̀ tí ẹni tó bá rí ṣe ń gùn, ì báà jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ì báà jẹ́ oníkòkó. Kabúrétọ̀ ló ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Etí àti imú ni mẹkáníìkì fi ń mọ ohun tó ń ṣe é: á ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́, á tẹ́tí sí ìró rẹ̀, á gbóòórùn èéfín, á wá fa tọnafísì yọ. Ọkọ̀ tí ẹ̀yin ń wà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń darí ẹ́ńjìnnì. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ní í máa ròyìn fún un: eléyìí á sọ bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti pọ̀ tó, ìyẹn á sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó, òmíràn á sọ bí èéfín tó ń jáde ti rí. Ìròyìn wọn ni brain box fi ń pinnu iye epo tí yóò tú sílẹ̀. Bí ìròyìn kan kò bá bá èkejì mu, yóò tan iná check engine, yóò sì kọ kóòdù sílẹ̀.

Èéfín ọkọ̀ tó bo ojú ọ̀run Kalifóníà ló bí ihò tí ẹ̀ ń ki skánà bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi òfin de ọkọ̀ pé kó máa yẹ ara rẹ̀ wò. Nígbà tó yá, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀, láti ti ọdún 1996 lọ, gbọ́dọ̀ ní ètò kan náà tí ń jẹ́ OBD-II: ihò ẹlẹ́nu mẹ́rìndínlógún nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀, àti kóòdù tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà bẹ̀rẹ̀ láti orí Toyota títí dé orí Ford. Àwọn ará Yúróòpù sọ tiwọn di dandan fún ọkọ̀ tuntun tó ń lo bẹntiróòlù ní 2001. A kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣòfin, tòkunbọ̀ ló gbé e wá bá wa. Ètò Àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìyẹn UNEP, sọ ní ọdún 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ránṣẹ́ sókè òkun láàárín 2015 sí 2018, àti pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wá sí Áfíríkà.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo skánà, ẹ wo ọkọ̀ yín. Bó bá jẹ́ Camry tí à ń pè ní Big Daddy tàbí Muscle, bó bá jẹ́ Accord tí à ń pè ní End of Discussion, tó sì jẹ́ pé Amẹ́ríkà ló ti wá, skánà olówó pọ́ọ́kú pàápàá yóò bá a sọ̀rọ̀. Ti ọdún 2008 síwájú tún rọrùn jù, torí ọdún náà ni wọ́n sọ ọ́ di dandan ní Amẹ́ríkà pé èdè kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní CAN, ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa sọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọkọ̀ Yúróòpù tó ti wà ṣáájú 2001, ó lè ní ihò náà kó má sì dá skánà yín lóhùn. Ẹ gbé skánà dé ìdí ọkọ̀ yín kí ẹ tó sanwó. Má-dàmú ni ọlọ́jà máa ń pe ọjà rẹ̀, ọkọ̀ ni yóò sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ nípa kóòdù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ṣìnà. Lẹ́tà kan àti àmì mẹ́rin ni kóòdù máa ń ní. P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti gíà, C fún ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bíi bíréèkì ABS, B fún ara ọkọ̀ bíi airbag, U fún ìgbà tí àwọn brain box kò gbọ́ra wọn yé mọ́. Bí òdo bá tẹ̀ lé P, kóòdù gbogbo ayé ni. Bó bá jẹ́ 1 ló tẹ̀ lé e, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ni, ẹ sì ní láti wá ìtumọ̀ rẹ̀ lábẹ́ orúkọ ọkọ̀ yín gan-an.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo ni kóòdù jẹ́. Ohun tí brain box rí ló sọ, kò sọ ẹni tó jẹ̀bi. Bí kóòdù bá dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kan, ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ náà ń sọ òtítọ́ nípa nǹkan mìíràn tó bàjẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé eku ló gé wáyà rẹ̀ jẹ, tàbí pé omi òjò ló wọ ẹnu rẹ̀. P0113, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé iná tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru afẹ́fẹ́ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ tó sì sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ lè bá a nígbà tó bá padà dé pé ṣe ni ẹnu wáyà yọ. Ẹ jọ̀wọ́, kóòdù tó bá ti mẹ́nu ba "circuit", wáyà àti ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká yẹ mẹ́rin wò dáadáa. Àkọ́kọ́ ni kóòdù P0301. Ó ní sílíńdà kìíní kò jó epo dáadáa. Ó lè jẹ́ kọ́ìlì, ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ nọ́súlù tó ń fọ́n epo. Nínú àwọn Toyota àti Honda tí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan wọn jókòó lórí púlọ́ọ̀gì tirẹ̀, àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ pa ọkọ̀ náà, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ kọ́ìlì kìíní, ẹ gbé e sórí sílíńdà kejì, kí ẹ sì gbé ti ibẹ̀ wá sórí kìíní. Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀. Bí P0302 bá yọjú, kọ́ìlì náà ló jẹ̀bi. Bó bá ṣe pé P0301 ló tún padà wá, ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀, ẹ wo púlọ́ọ̀gì. Bẹ́ẹ̀ ni à ń gbọ́ ẹ̀rí ẹnìkejì.

Èkejì ni P0171, òun náà wọ́pọ̀. Ó ní epo kò tó fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Èyí ni skánà tó ń fi ohun tó ń lọ lọ́wọ́ hàn, tí wọ́n ń pè ní live data, ti ń ràn yín lọ́wọ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "fuel trim" sí. Iye náà ń sọ ìdá epo tí brain box ń fi kún ohun tó yẹ kó tú sílẹ̀ tàbí tó ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Bó bá wà nítòsí òdo, kò burú. Bó bá ti kọjá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan ń ṣe é. Bó bá ga nígbà tí ọkọ̀ dúró tó ń mí, tó sì wálẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ ẹsẹ̀ dé bíi 2,500 lórí rev, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa gba ibi tí rọ́bà kan ti là wọlé. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ga sí i, ẹ fura sí pọ́ǹpù epo, fílítà epo, tàbí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tí eruku ọyẹ́ ti bò. Kóòdù kan náà ni, ọ̀nà tó gbà wá kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù, ni ti thermostat. Mẹkáníìkì wa tó ń yọ thermostat sọnù pọ̀. Wọ́n ní oòrùn ilẹ̀ wa mú, òyìnbó tó ń gbé nínú òtútù ló nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, thermostat ni kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì yí lọ sí rédíétọ̀ títí ooru rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 80 sí 90 lórí Celsius. Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ mú ọ̀nà Oǹdó pọ̀n lọ ní ìdájí, ẹ lè dé Ọ̀wẹnà kí ẹ́ńjìnnì má tíì gbóná tó bó ṣe yẹ. Brain box á máa rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á sì máa fi epo kún epo. Kóòdù P0128 lè yọ, ó sì lè má yọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá la skánà sí live data, tí ẹ rí i pé ooru omi wà ní 60 tàbí 65 lẹ́yìn ìrìn gígùn, ẹ ti rí ibi tí epo yín ń gbà lọ. Páàtì kékeré kan ni, kò sì wọ́n bí epo tó ń ṣòfò.

Ìkẹrin ni P0420, kóòdù tó ń dá jìnnìjìnnì bolẹ̀. Ó ní catalyst tó ń fọ èéfín mọ́ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀: ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gé catalyst náà tà kí ọkọ̀ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, nítorí mẹ́táàlì olówó iyebíye wà nínú rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá sáláńsà ń jò tàbí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti gbó. Kóòdù yìí nìkan kì í dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ẹ má torí rẹ̀ yáwó. Ṣùgbọ́n bí iná check engine bá ń ṣẹ́jú, tó ń tàn tó ń kú, ẹ wá ibi gúnlẹ̀ sí kíákíá. Epo tí kò jó ló ń lọ sínú sáláńsà yẹn, ó sì lè ba catalyst tó kù jẹ́ pátápátá.

Ní báyìí, èwo ni kí ẹ rà? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mo pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni èyí kékeré tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, tí àwọn èèyàn ń pè ní ELM327. Orúkọ chip tí ilé iṣẹ́ ELM Electronics ní Kánádà ṣe ni. Ilé iṣẹ́ náà pa iṣẹ́ dé ní 2022, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ti da ẹ̀yà àkọ́kọ́ rẹ̀ kọ tipẹ́, àdàkọ ló sì kún ọjà. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ "v1.5" sí lára, ẹ mọ̀ pé ELM kò ṣe ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kò túmọ̀ sí pé kò ní ṣiṣẹ́. Ó kàn túmọ̀ sí pé ọkọ̀ yín ni yóò jẹ́rìí rẹ̀, kì í ṣe páálí. Fóònù Android lè lo ti Bluetooth pẹ̀lú app bíi Torque tàbí Car Scanner. iPhone kì í gba Bluetooth àtijọ́, ti WiFi tàbí ti Bluetooth LE ni kí ẹ rà fún un. Èyí ló pọ̀ jù lọ́jà, ó sì tó fún ẹni tó ní ọkọ̀ kan, tó ní sùúrù, tó fẹ́ràn kíkà. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ihò lóru. Yóò máa fa bátìrì díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá sì dúró nítòsí lè bá a so pọ̀, torí 1234 tàbí 0000 ni ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Èkejì ni èyí tí à ń fọwọ́ mú, tó ní ojú tirẹ̀ àti wáyà tirẹ̀, bíi Ancel AD310, Autel AL319, Launch CR3001 tàbí Konnwei KW850. Kò nílò fóònù, kò nílò bátìrì, iná ọkọ̀ ló ń lò. Bí bàbá yín tàbí ìyàwó yín náà yóò bá lò ó, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ rà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn kan wà tó jẹ́ pé kóòdù nìkan ni wọ́n lè kà. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ṣé ó ní live data? Ṣé ó ní freeze frame, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe wà gan-an nígbà tí iná tàn? Ṣé ó ní I/M readiness, ìyẹn àkọsílẹ̀ bóyá ọkọ̀ ti parí àwọn àyẹ̀wò tó ń ṣe fún ara rẹ̀? Bí ọ̀kan kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì. Èyí tó ń ka kóòdù nìkan kò ní fún yín ju ẹ̀rí ẹnìkan lọ.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń ka ABS, airbag àti gíà kún ẹ́ńjìnnì, bíi Launch CRP123. Ó wọ́n ju méjì ìṣáájú lọ. Ẹni tí iná ABS rẹ̀ ń tàn lójoojúmọ́ nílò rẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ kò tàn kò nílò rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń dá èsúsú pọ̀ ní ibi iṣẹ́ tàbí nínú ẹgbẹ́, kí ló dé tí ẹ kò lè fi owó ìpàdé ra ọ̀kan kí gbogbo yín máa lò ó? Mélòó nínú yín ní Alágbàká, ní yunifásítì FUTA, tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó ni ó lè lo irú ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́? Àjọlò ni ọgbọ́n ibẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ti àwọn oníṣẹ́, bíi Launch X431 tàbí Autel MaxiSys, tó lè pàṣẹ fún ọkọ̀ pé kó tan fáànù tàbí kó ṣí nọ́súlù. Ti mẹkáníìkì àti rewáyà nìyẹn. Bí mẹkáníìkì yín bá ní ọ̀kan, ẹ sanwó fún un kó bá yín yẹ ọkọ̀ wò, ó sàn ju kí ẹ ra tiyín lọ.

Bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Òpópónà Ọba Adésídà, tàbí tí ẹ ránni sí Ládìpọ̀ ní Èkó, àyẹ̀wò kan náà ni. Ẹ ki skánà bọ ihò ọkọ̀, ẹ tan ọkọ̀, kó gbé nọ́ńbà VIN jáde, kí ẹ fi wé èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn kì í fi VIN hàn, ẹ má torí ìyẹn bá ọlọ́jà jà. Kí ẹnìkan tẹ ẹsẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá rev lójú skánà ń gòkè lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ wo iná bátìrì: bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín nǹkan bí fóólìtì 13.5 sí 14.7. Èyí tó bá jẹ́ pé ẹ tẹ ẹsẹ̀ ní àárọ̀, rev rẹ̀ gòkè ní ọ̀sán, ẹ dá a padà fún un.

Ẹ tún lè fi ẹ̀rọ yìí gba ara yín lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọkọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ tà lè pa kóòdù rẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀? Iná á kú, inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá pa kóòdù rẹ́, gbogbo àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ti ṣe fún ara rẹ̀ ló ń pa rẹ́ pẹ̀lú. Ẹ wo I/M readiness. Bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá sọ pé òun kò tíì parí, ẹ bi onítọ̀hún pé ìgbà wo ni wọ́n yọ bátìrì tàbí tí wọ́n pa kóòdù rẹ́. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ sí "on": iná check engine gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ọkọ̀ ọdún 2010 síwájú tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà tún ń ní kóòdù kan tí wọ́n ń pè ní permanent. Skánà kò lè pa á rẹ́, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pa á rẹ́ nígbà tó bá rí i pé àìsàn náà ti lọ.

Ó kù díẹ̀ nípa ìwà, torí ọ̀pọ̀ ló ní ẹ̀rọ tí kò ní ìwà tí à ń fi lò ó. Ọ̀dọ́ kan á wọ ọgbà mẹkáníìkì, á na fóònù sí bàbá tó tó bí i: "Bàbá, ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ sọ." Kí ló jèrè? Bàbá náà á ní kó máa lọ bá ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Iná tàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, P0302 ló gbé jáde. Mo ti gbé kọ́ìlì kejì lọ sórí ẹ̀kẹta, kóòdù náà ò tẹ̀ lé e. Kí lẹ rò pé ká tún wò?" mẹkáníìkì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á mọ̀ pé ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ ti ṣe tirẹ̀. Kò ní lè sọ pé ẹ́ńjìnnì ló kú, kò sì ní fẹ́ sọ ọ́. Púpọ̀ nínú wọn kọ́ iṣẹ́ lórí kabúrétọ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ka gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú skánà, ṣùgbọ́n etí wọn ń gbọ́ béárì tó fẹ́ já kí ẹ̀yin tó gbọ́ ariwo. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ ka kóòdù fún wọn, kí wọ́n fetí gbọ́ ọkọ̀ fún yín.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà tí skánà kò lè rí. Kò ní sọ fún yín pé páàdì bíréèkì ti jẹ tán, pé bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì fẹ́ já, tàbí pé táyà ti gbó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ní, kò ní sọ iye ọ́ìlì tó kù, iná ọ́ìlì náà sì lè pẹ́ kó tó tàn. Ẹ máa fa dipstick yọ. Ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà yẹ́lò ti airbag nítorí kóòdù B kan yọ, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe máa wo live data nígbà tí ẹ bá ń wa ọkọ̀ gun òkè Ìdànrè, ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín ni kó máa kà á.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ fi sínú àpótí iwájú ọkọ̀. Kí ẹ tó pa kóòdù kankan rẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn, àti ohun tó wà nínú freeze frame, nítorí bí ẹ bá pa kóòdù rẹ́, freeze frame náà á bá a lọ. Ẹ má ra páàtì kan tí ẹ kò tíì rí ẹ̀rí méjì lórí rẹ̀, ẹ̀rí kan láti ẹnu ọkọ̀, ìkejì láti ọwọ́ àyẹ̀wò tí ẹ̀yin tàbí mẹkáníìkì ṣe. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ELM327 olówó kékeré á sìn yín dáadáa. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, X431 pàápàá kò ní gbà yín lọ́wọ́ òfò. Ògún á máa ṣọ́ yín lójú pópó, ọkọ̀ yín kò sì ní dá yín dúró níbi tí kò sí ìrànwọ́.